Iná Inú Omi Tí Mo Fi Pẹ́ńsù Pa

Ìwọ tí ò ń ka èyí, ṣé o ti pa iná tí ẹnikẹ́ni ò tíì tàn rí? Má rẹ́rìn-ín. Èmi ti pa á. Mi ò bu omi lé e, mi ò fẹnu fẹ́ ẹ. Pẹ́ńsù ni mo fi pa á, pẹ́ńsù tí mo ti jẹ ìdí rẹ̀ tán. Mo jókòó gẹlẹtẹ sórí àga onílé, mò ń pa iná lọ, mò ń mu tíì lé e.

Kí o má baà rò pé orí mi ti dàrú, jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá nílé ẹ̀kọ́ kan ní Arámọ̀kọ ni. Mo di àpótí páànù àti tìmùtìmù mi, mo padà sílé ní Òkè-Ìmẹ̀sí, mo wá ń retí èsì ìdánwò. Bí o bá mọ ìlú wa, òkè ló yí i ká bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹyin. Ọkọ̀ tó bá ń bọ̀, a ó ti gbọ́ bó ṣe ń kérora lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó tó yọ. Bí mo bá ti gbọ́ ọ báyìí, màá sáré jáde pé bóyá èsì ló dé. Èsì ò dé. Ẹnu mi ló ti dé ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá bi mí pé, "Báwo ni ti ìṣirò?" màá ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ìṣirò ni oúnjẹ mi." Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n ní ká dáhùn ìbéèrè mẹ́fà, mo dáhùn mẹ́rin, mo wá fi àkókò tó kù fa ìlà méjì-méjì sábẹ́ àwọn ìdáhùn mi, kó lè dùn ún wò fún ẹni tó máa máàkì í.

Irọ́ oúnjẹ yẹn ló kó mi síṣẹ́.

Ilé Bàbá Ọ̀gá ló kángun sí tiwa. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá. Wọ́n ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n pàṣán wọn ò tíì fẹ̀yìntì. Ọmọ wọn ọkùnrin, tí èmi ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ń kàwé fún oyè kejì nínú físíìsì ní yunifásítì. Ìyá mi kì í dárúkọ rẹ̀, torí wọ́n ti bí i kí ìyá mi tó ṣe ìyàwó wọ agboolé wa. "Akọ̀wé" ni ìyá mi ń pè é. Lọ́dún yẹn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bínú, ìjọba náà bínú, wọ́n ti yunifásítì pa, Ẹ̀gbọ́n bá gbé báàgì ìwé kan wálé.

Mo lọ kí i. Mo bá a tó da ìwé bo gbogbo tábìlì.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Lésà ni."

Mo wo abẹ́ tábìlì, mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ó dà?"

"Orí ìwé ló wà. Kí èèyàn tó kọ́lé, ṣé kì í ya àwòrán rẹ̀ ni? Èmi ń fi ìṣirò kọ́ ọ, kí á lè mọ̀ bóyá yóò ṣiṣẹ́, kí àwọn ọ̀gá wa tó náwó lé e."

"Kí wá ló ń jẹ́ lésà?"

Ẹ̀gbọ́n kì í fi ìmọ̀ halẹ̀ mọ́ èèyàn, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ó ti ìwé sẹ́yìn. "Wò ó. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì a máa fọ́n ká bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n lu aago jáde fún. Ìmọ́lẹ̀ lésà máa ń tò ni. Ẹsẹ̀ kan náà, ojú ibì kan náà."

"Bí ìgbà tí Bàbá bá yọ pàṣán."

"Ẹ̀ẹ́n, o ti mọ̀ ọ́n."

Ó ní tòun, inú omi ni ìmọ́lẹ̀ náà yóò ti máa tò. Gíláàsì kan ló wà, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tí ihò wà nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Wọn a rọ omi kan tí wọ́n po aró sí sínú ihò yẹn. Bí wọ́n bá tan iná líle sí gíláàsì náà lára láti ìta, omi aláró á jẹ iná yẹn yó. Ìmọ́lẹ̀ kékeré tó bá wá ń gba inú omi kọjá, omi á máa bù fún un lójú ọ̀nà, bó ṣe ń lọ ni yóò máa sanra. Dígí kan wà ní ìpẹ̀kun ọ̀hún, yóò dá gbogbo rẹ̀ padà. Dígí kejì wà ní ìpẹ̀kun ìhín, èyí jẹ́ ọ̀làwọ́: bí ìmọ́lẹ̀ bá pé ìdá mẹ́rin, yóò jẹ́ kí ìdá mẹ́ta bọ́ síta, yóò dá ẹyọ kan padà sínú omi. Èyí tó bọ́ síta yẹn gan-an ni lésà.

"Nítorí náà," Ẹ̀gbọ́n ní, "ìbéèrè kan péré ló wà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá lọ tó bọ̀, ṣé ohun tó jẹ lójú ọ̀nà pọ̀ ju ohun tó sọnù lẹ́nu dígí lọ? Bó bá jù ú lọ, iná ràn. Bí kò bá jù ú lọ, iná kú."

Mo mi orí bí ẹni tó yé. Kò yé mi. Ohun tó ń dà mí láàmú ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa gba inú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ kọjá tí kò ní gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ẹ̀gbọ́n bá fa rọ́bà tuntun kan yọ, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára. Nọ́ọ̀sì kan ló fún un. Ó ní omi lásán kò tó fún ohun tí òun fẹ́ fi hàn mí, òróró ẹ̀pà ló dáa. Èmi náà yára lọ sí kíṣìnnì ìyá mi, mo yá òróró láìsọ fún olóròóró.

A rọ ọ́ kún rọ́bà. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń yọ lálá, nítorí náà a wọ abẹ́ tábìlì, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì Bàbá bo ara wa mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ká rọ́bà náà lẹ́ẹ̀mẹta bí ejò, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu kan. Mo gbé ẹnu kejì sójú. Àmì kékeré kan wà níbẹ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń wò mí bí ojú ológbò. Mo pariwo "Yéè!" mo gbàgbé pé ẹnu rọ́bà kò ní ìdérí, mo dà á sọ́dọ̀ ara mi. Òróró da sí mi lẹ́nu, ó da sí ṣòkòtò kákí mi, bùláńkẹ́ẹ̀tì Bàbá gba ìpín tirẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò.

"Ta ló bu òróró mi?"

"Màmá, ìmọ́lẹ̀ la fi í wò."

"Ìmọ́lẹ̀ náà ló ń dán lẹ́nu rẹ yìí?"

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu kíá.

Ní ọjọ́ kejì ni kakulétọ̀ Ẹ̀gbọ́n kú. Bátìrì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà ní Òkè-Ìmẹ̀sí, a béèrè rẹ̀ dé Ìjerò, wọn ò ní in. Ìṣirò tó sì kù kì í ṣe kékeré, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe eré. Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì ti kọ lẹ́tà sí i kí wọ́n tó ti ilé ìwé pa, mo rí lẹ́tà náà. Ó ní ọdún kejì rèé lórí ọ̀rọ̀ omi inú gíláàsì yìí. Iná tí àwọn ní nínú yàrá iṣẹ́ kò lè tàn sí gíláàsì tó gùn ju ìwọ̀n tí òun kọ sílẹ̀ lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ ò bá ràn lórí ìwé ní gígùn yẹn, kí Ẹ̀gbọ́n jáwọ́, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn, kó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ilé ìwé, kó gbé èsì wá.

Ẹ̀gbọ́n wojú mi. "Ìwọ tí o ní ìṣirò ni oúnjẹ rẹ, ó yá, wá jẹun."

Kí ni mo lè sọ? Mo ní, "Ẹ bù ú wá."

Ó ya gíláàsì náà gígùn sórí ìwé, ó pín in sí yàrá mẹ́wàá. Ó ní, "Yàrá kan, ìgbésẹ̀ kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá la yàrá kan já, bó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀, á di méjọlélọ́gọ́rùn-ún. Gbé e lọ ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, gbé e bọ̀ ní mẹ́wàá, pín in sí mẹ́rin ní ẹnu dígí, mú ìdá kan. Kọ ọ́ sílẹ̀. Tún gbéra."

"Ṣé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni màá máa ṣe ni?"

"Dandan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá sanra jù, ó máa rẹ omi, kò ní lè bù fún un bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. O ní láti máa ṣọ́ ọ. Má fo ọ̀kankan."

Ó fún mi ní ìwé tébù ìṣirò, èyí tí a ń lò níléèwé fún ìsọdipúpọ̀, àti nóòtù mẹ́ta. Mo gba àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ọ̀gá, ibi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá yóò ti rí mi. Pẹ́ńsù ni mò ń lò, ṣùgbọ́n mo fi bírò mẹ́ta há àpò ṣẹ́ẹ̀tì, pupa, dúdú, búlúù. Bí ẹnikẹ́ni bá kí mi pé ẹ kú ìjókòó, mi ò ní dáhùn kíá. Màá gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, màá ní, "Háà, ẹ má bínú, lésà ni." Ìyá Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, wọn ò sí mọ́, nítorí náà Bàbá fúnra wọn ló ń po tíì fún mi pẹ̀lú búrẹ́dì. Mi ò tíì jẹ irú ìgbádùn bẹ́ẹ̀ rí nídìí ohun tí mi ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo la ìlà mẹ́wàá sí ojú ewé fún àlọ, mẹ́wàá fún àbọ̀. Mo fi ẹgbẹ̀rún kan bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí ìlà kìn-ín-ní. Mo sọ ọ́ dipúpọ̀, mo kọ èsì sórí ìlà kejì. Mo lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìlà kẹwàá. Mo ṣẹ́rí padà, mo gba àbọ̀ wá pẹ̀lú ìlànà kan náà. Mo pín in sí mẹ́rin. Ó ku ẹgbẹ̀rún dín méjì.

Mo tún gbéra. Ẹgbẹ̀rún dín mẹ́rin.

Mo tún gbéra. Ẹgbẹ̀rún dín mẹ́fà.

Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó máa sanra, ó ń rù! Kò tilẹ̀ rù kíá kí á mọ̀ pé àìsàn gidi ló ṣe é. Ó ń rù bí ọlọ́gbọ́n àgbàlagbà tó ń sá kúrò nínú ìpàdé, díẹ̀díẹ̀, kí ojú má baà rí i. Mo gbé e lọ bá Ẹ̀gbọ́n.

Ó wò ó pẹ́. "Ó ń kú."

"Bóyá ebi ló ń pa á," mo ní. "Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún bẹ̀rẹ̀."

A fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún bẹ̀rẹ̀. Òun náà rù.

Ìgbà yẹn ni ìyà Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó dá òun lójú pé ó yẹ kí iná náà ràn, àmọ́ ìwé ò purọ́, àṣìṣe kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tí òun sọ nípa omi. Ó tún ọ̀rọ̀ omi yẹ̀ wò. Ó tún ọ̀rọ̀ dígí yẹ̀ wò. Ó ya ìwé, ó lẹ̀ ẹ́, ó tún un ya. Á jáde láàárọ̀, á gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa, á jókòó sórí àpáta, á máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó tún gbogbo nǹkan yẹ̀ wò àfi ìwé tèmi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní wo tèmi ni?" Ó ní, "Tìẹ? Tìẹ dáa, mo mọ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú púpọ̀. Mo mu tíì kan lé e.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, Ẹ̀gbọ́n ò jẹ iyán mọ́. Ìyá mi gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wá, wọ́n bá iyán àná tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn.

"Akọ̀wé, ṣé ara ò yá ni?"

"Ara yá, Màmá."

"Ara yá, o sì ń wo uyán bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin ará, ẹ wá wò ó o! Ọmọ Èkìtì kò jẹyán! Ṣé dókítà la ó pè ni tàbí wòlíì?"

Bàbá Ọ̀gá bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ àwọn máa parí lọ́dún yìí.

Ní Ọjọ́bọ̀, rédíò Àkúrẹ́ kéde pé wọ́n ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni kí wọ́n wọlé. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìwé rẹ̀ jọ bí ẹni tó ń di ẹrù òkú.

Àánú ṣe mí. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, ẹ̀rù náà bà mí, torí bí iṣẹ́ bá tán, tíì tán nìyẹn. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n àti Bàbá wọlé, mo ṣí nóòtù, mo wo ẹgbẹ̀rún dín méjì yẹn, mo pa á rẹ́, mo kọ ẹgbẹ̀rún ó lé ọgọ́rùn-ún síbẹ̀. Ó dára lójú. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo kọ ti tẹ́lẹ̀ padà. Mo wò ó, Ẹ̀gbọ́n ń kérora nínú yàrá. Mo tún pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń yí i títí rọ́bà ìparẹ́ fi já ìwé lu. Ihò tó dá sí i tó ẹyọ ẹ̀wà kan.

Ẹ̀gbọ́n jáde wá gba nóòtù láti kó o mọ́ ẹrù. Ó gbé e sókè, ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò náà kọjá.

"Eku wọ inú ìwé yìí ni?"

"Rárá o."

"Kí ló wá ṣe é?"

"Èmi ni eku náà." Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Mo retí ìgbátí. Kò gbá mi. Ó kàn ní, "Jókòó. Ṣe ojú ewé kan lójú mi, kí n rí i." Kò fọkàn tán mi mọ́ nìyẹn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, torí ó ti pẹ́ jù tó ti ń fọkàn tán mi.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ẹgbẹ̀rún sórí ìlà kìn-ín-ní. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí ìwé.

"Ìlà wo nìyẹn?"

"Ìkíní."

"Ìgbésẹ̀ mélòó lo ti gbé?"

"Ọ̀kan… àbí?"

Ó fà mí lápá lọ sí iwájú ilé. Ó fi ṣọ́ọ̀kì Bàbá fa gíláàsì gbọọrọ sórí sìmẹ́ńtì, ó pín in sí yàrá mẹ́wàá. "Ìwọ ni ìmọ́lẹ̀. Dúró sẹ́nu ọ̀nà. Máa rìn, máa kà, mẹ́wàá péré."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ení."

"Ṣé o ti rìn?"

"Rárá."

"Kí lo wá kà?"

"Ibi tí mo dúró sí."

Ó ní, "Máa lọ." Mo la yàrá kan, mo ní èjì. Mo la òmíràn, ẹ̀ta. Nígbà tí mo pe ẹ̀wá, mo dúró, mo fi ìgbéraga wo iwájú. Yàrá kan ṣì wà níbẹ̀, òfìfo, ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ ẹ́ rí.

"Padà bọ̀," Ẹ̀gbọ́n ní.

Mo yí padà lójú ẹsẹ̀, mo ní, "Ení," láìtíì gbé ẹsẹ̀. Yàrá kan tún sọnù lábọ̀.

Bàbá Ọ̀gá ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Kí lọmọ náà ṣe?"

"Bàbá, ó ń ka ibi tó ti gbéra mọ́ ọn!"

"Ó tọ̀nà!" Bàbá ní. "Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kó kà á? Bí a bá ná ọjà lónìí, ọrún òní la tún ń ná an, òní gan-an ni ení. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Àìkú, ìjọ́ kẹjọ la ń sọ ọ́ lórúkọ, Àìkú náà la sì ń sọ ọ́. Ṣé ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ kì í ṣe ọjọ́ ni?"

"Bàbá, ìmọ́lẹ̀ ò lọ sọ́jà!"

"Kò lọ. Ẹni tí o ní kó kà á ló lọ."

Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀kì náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi ń jáde lójú rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ méjì! Mò ń bá omi jà, mò ń bá dígí jà, mo ní kí àpáta dá mi lóhùn! Yàrá kan ní àlọ, yàrá kan ní àbọ̀! Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ẹ̀ sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ títí ayé!"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Mo tún fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín nípa ìṣirò àti oúnjẹ."

"Dákẹ́. Mo ti mọ̀."

Níbẹ̀ gan-an, lórí ilẹ̀, a tún un ṣe. Mo kọ ẹgbẹ̀rún sókè, lẹ́yìn òde ìlà, ibi tí kò ti ní nọ́ńbà. Mo gbé ìgbésẹ̀ mẹ́wàá gidi lọ, mẹ́wàá gidi bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ń wo ìka mi bí ẹni ń ṣọ́ olè. Mo pín in sí mẹ́rin. Ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́rìnlélọ́gọ́jọ.

Bàbá tẹ̀ wá wo ìwé náà látorí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Tún gbé e lọ," Ẹ̀gbọ́n ní wúyẹ́wúyẹ́.

Ó padà dé pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùndínlọ́gọ́ta. Ó ti sanra! Bàbá lu ìtẹ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Ìyá mi sáré dé pẹ̀lú ọmọrí odó lọ́wọ́, wọ́n rò pé ejò ni.

"Kí ló dé?"

"Màmá, iná ti ràn!"

"Uná? Níbo?" Wọ́n wo òrùlé wa ná, ìyẹn ló ká wọn lára. Nígbà tí wọ́n rí i pé inú nóòtù ni, wọ́n mí kanlẹ̀. "Òróró tèmi kọ́ lẹ fi tàn án lọ́tẹ̀ yìí?" Wọ́n padà sídìí odó. Ìgbà tí wọ́n gbé iyán dé, Ẹ̀gbọ́n jẹ òkèlè bí ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé, ó jẹ tirẹ̀, ó jẹ tèmi. Mi ò bínú. Ó tọ́ sí mi.

Ṣùgbọ́n iná tó ràn náà ní wàhálà tirẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ yẹn di òní la ò sinmi. Bàbá ń ka nọ́ńbà látinú tébù pẹ̀lú ohùn ilé ìwé, mò ń kọ, Ẹ̀gbọ́n ń yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò, kò sí tíì fún ẹnikẹ́ni. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń sanra ló ń rẹ omi, bó ṣe ń rẹ omi ni ohun tó ń bù ń dínkù, nítorí náà nọ́ńbà tí màá fi sọ ọ́ dipúpọ̀ ń yí padà ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ní ibì kan wà tí ìmọ́lẹ̀ náà yóò dé tí kò ní sanra mọ́, tí kò ní rù. Ibẹ̀ ni agbára lésà náà, iye yẹn sì ni ọ̀gá rẹ̀ máa kọ́kọ́ béèrè lọ́la. Ríràn nìkan kò tó, ó gbọ́dọ̀ dúró síbì kan.

A ò tíì débẹ̀. Ìyípo kọkànlélógún, àlọ àti àbọ̀, ni mo wà báyìí. Ó ti ń lọ́ra. Lánàá ó ń fi ọgọ́rùn-ún-ọgọ́rùn-ún sanra, lówùúrọ̀ yìí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ogún-ogún ló ń fi sanra, nísinsìnyí méje péré ló fi lé. Ẹ̀gbọ́n ní èmi ni mo pa á, èmi náà ni màá gbé e dé ibi tó máa dúró, ì báà jẹ́ nínú ọkọ̀. Èmi nìyẹn, tí mi ò tíì kọjá Iléṣà rí, tí mo ń lọ sí yunifásítì kí èsì ìdánwò mi tó dé. Ìyá mi ti di ṣẹ́ẹ̀tì mi kan ṣoṣo tó ní kọ́là sínú báàgì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn kọ́nà tó wà lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n yẹn, bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n wá, ta ló máa mọ̀ bóyá méje ni mo kọ tàbí ení? Mo rò pé bí mo bá fi orúnkún mú nóòtù báyìí, tí mo wá—

"Ìwọ ọmọ yìí! Dírẹ́bà ní òun ò dúró de lésà o! Ìwé tébù dà?"

Ẹ̀gbọ́n ni. Wọ́n ti ń fọn fèrè. Mo ń bọ̀, sà! Ó wà lọ́wọ́ mi! Ẹ ní kó dúró—